Ibi Tí Fídíò Ọ̀gá Gbankọgbì Ti Há

Bí Ọ̀gá Gbankọgbì bá sín nínú yàrá rẹ̀, odindi ọ́fíìsì ní í dìde. Akọ̀wé rẹ̀ a ní, "Ẹ ó pẹ́ fún wa, sà!" Àwọn tó ń tẹ̀wé a ní, "Ẹ̀mí yín á gùn, sà!" Aṣọ́nà tó wà ní géètì, tí kò gbọ́ nǹkan kan, a sáré ṣí fìlà, nítorí ó rí àwọn yòókù lójú fèrèsé tí wọ́n ń dìde. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì jókòó mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ má bi mí léèrè ibi tí wọ́n gbé e lọ. Wọ́n á kàn ní wọ́n ti fi í síbi tí yóò ti rójú sinmi.

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ ni Gbankọgbì. Àwọn òṣìṣẹ́ ló fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ta sí i létí, ó rò pé wọ́n ń ki òun ni, ló bá ní kí wọ́n máa pe òun bẹ́ẹ̀ lójú òun náà. Òun ni olórí ọ́fíìsì tó ń tún ìlú ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó wá ibi tí ilé ti ń wó, kó sì tún un kọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti gorí àga, ohun kan ṣoṣo tó tíì tún kọ́ ni ilẹ̀kùn yàrá ara rẹ̀. Ó ní ti àtijọ́ kéré sí òun. Wọ́n wó ògiri, wọ́n gbé ilẹ̀kùn tó ga bíi ti ilé ẹjọ́ síbẹ̀, ó sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò lè ṣí i. Èèyàn méjì ní í bá a tì í láràárọ̀. Ó gbà pé bí ọlá ṣe máa ń rí nìyẹn.

Nínú ìlú kan náà, òpópónà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀yìn Ògiri, nítorí pé ẹ̀yìn ògiri ilé-iṣẹ́ àtijọ́ kan ló wà. Àwọn ilé ibẹ̀ fara ti ara wọn bí àwọn èrò tó ti sùn lọ nínú ọkọ̀. Bí ẹnì kan bá wúkọ́, aládùúgbò rẹ̀ á ti inú yàrá tirẹ̀ kí i ní pẹ̀lẹ́. Òrùlé ń jò, gọ́tà ń kún, ṣùgbọ́n ilé ni. Wọ́n bí àwọn èèyàn síbẹ̀, wọ́n sì ti gbé òkú àwọn èèyàn jáde níbẹ̀.

Ọ̀gá Gbankọgbì ti fojú sí ilẹ̀ náà tipẹ́. Mi ò fẹ́ràn kí á máa fi òtítọ́ ṣe bojúbojú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín báyìí: ó fẹ́ kọ́ ilé ara rẹ̀ síbẹ̀. Ó ti pe ilé náà ní ilé ìjọba nínú ètò, ó ti wá orúkọ aláwọ̀-ọlá kan fún un, ṣùgbọ́n òun ni yóò máa sùn nínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló dí i lọ́nà. Òfin ìlú ní ẹnikẹ́ni kò lè wó òpópónà kan, àfi bí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ bá kọ́kọ́ wo ètò náà ní gbangba, níwájú Ìgbìmọ̀ Ìlú, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì nawọ́ sókè pé àwọn gbà.

Ló bá lọ bẹ̀ wọ́n wò. Akọ̀wé rẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Ẹnu-Oyin, gbé àpótí kan tẹ̀lé e kó lè rí nǹkan gùn lé, nítorí pé ilẹ̀ Ẹ̀yìn Ògiri rẹlẹ̀ jù fún bàtà rẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ó bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin tí òjò ń pa nínú ilé bí ẹni pé ìta lẹ wà! Mo sunkún nítorí yín lánàá. Mo tún sunkún láàárọ̀ yìí."

"Ó sunkún!" Ẹnu-Oyin jẹ́rìí sí i. "Èmi ni mo mú áńkáṣíìfù dání!"

"Mo ní kí wọ́n wó ìyà yìí lulẹ̀. Níbi tí ẹ dúró sí yìí gan-an, olúkúlùkù yín yóò gba kọ́kọ́rọ́ ilé tuntun."

Obìnrin kan tó fi tẹ́ẹ̀pù aṣọ kọ́rùn sún mọ́ iwájú. Ìyá Aránṣọ ni wọ́n ń pè é. Ojú ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ó sì ti ń ránṣọ níbẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó kú, àti lẹ́yìn tó kú.

"Ọ̀gá, ẹ ṣé o. Ilẹ̀kùn mi ń kọ́?"

"Ilẹ̀kùn yín, Màmá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ilẹ̀kùn mi kọjú sí títì. Oníbàárà ń rí mi látòkèèrè. Bí ẹ bá lọ gbé mi sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ta ló máa gun àtẹ̀gùn torí pé ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ya?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, nígbà tó rí i pé gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, ibi tí ilẹ̀kùn yín wà lónìí gan-an ni yóò wà. Kò ní yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò ní yẹ̀ sósì."

"Ṣé a lè fojú rí i ká tó gbà?" Bàbá Oníbàtà ló béèrè, aládùúgbò rẹ̀ tó ń tún bàtà ṣe. "Kì í ṣe pé a ò gbà yín gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ra bàtà, a máa ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ wò."

"Ẹ óò rí i!" ni Ọ̀gá Gbankọgbì wí, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Nínú fídíò! Fídíò tí irú rẹ̀ kò tíì sí!"

*

Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ń yàwòrán ilé ní ọ́fíìsì náà. Kọ̀ǹpútà ló fi ń ṣiṣẹ́. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi bíríkì kan lé lórí, ó lè yà á débi tí èèyàn á rò pé òun ń rìn kiri inú rẹ̀. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé àwòrán rẹpẹtẹ ló ń sáré tẹ̀lé ara wọn. Bí ẹ̀rọ bá lè sá a tó, ojú kò ní rí àlàfo àárín wọn, gbogbo rẹ̀ á máa lọ geere bí aṣọ àrán tó ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Bí ẹ̀rọ kò bá lè sá a, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀. Á dúró, á fò, á tún dúró.

Ọ̀gá Gbankọgbì wá wo iṣẹ́ náà. Ó dé ibi tí ilé rẹ̀ wà.

"Ọmọ mi, igi wo nìyí?"

"Igi lásán ni, sà."

"Igi lásán! Ẹnu-Oyin, ṣé o gbọ́? Igi lásán, níwájú ilé mi!"

"Ojú ń ti igi náà fúnra rẹ̀, sà. Mo rí i."

"Gbogbo ewé rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa mì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ewé méjì kò gbọdọ̀ mì bákan náà, bí ẹni pé wọ́n jọ gba àṣẹ. Omi yìí, tó ń ta sókè láàárín àgbàlá, mo fẹ́ kí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan máa kọ mànà. Èmi dà?"

"Ẹ wà lórí bákónì, sà. Ẹ ń juwọ́."

Ó tẹjú mọ́ ara rẹ̀, ojú rẹ̀ sì korò. "Irunmú mi rí bíi búrọ́ọ̀ṣì. Fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn hàn. Èèyàn gbọ́dọ̀ lè kà wọ́n."

Ayàwòrán ń fi ọwọ́ lu bọ́tìnì kọ̀ǹpútà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò dùn ún sọ. "Sà, ibi yìí gan-an ni Ẹ̀yìn Ògiri. Ilé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń kọ́?"

"Ó wà lẹ́yìn igi."

"Ṣé kí n yà á síbẹ̀, sà?"

"Ta ló ń wo ẹ̀yìn igi? Má ya nǹkan kan. Bí o bá dé ibí, má dúró rárá. Jẹ́ kí ojú kọjá fìrì, bí ẹyẹ. Kí wọ́n rí ọlá, kí wọ́n má ráyè rí àdírẹ́sì."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ dúró wo ọgbọ́n ọkùnrin yìí. Ibi tó fẹ́ kí àwọn èèyàn má rí jù lọ nínú fídíò náà ni kò lè fi í sílẹ̀ láìṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Olè tó wọ agogo sọ́rùn sàn ju èyí lọ, torí agogo kò wúwo.

"Sà," ni Ayàwòrán wí, "ibi tí ẹ ní kí n di ẹrù sí jù ni ẹ tún ní kí n sáré kọjá. Ewé tó ń mì àti omi tó ń ta, wọ́n máa ń le fún ẹ̀rọ. Ibẹ̀ gan-an ló máa ti kọsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dín ìwọ̀n fídíò náà kù. Ojú kò ní mọ̀ ọ́n. Gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá Gbankọgbì yíjú kúrò lára àwòrán.

"Dín ìwọ̀n," ni Ọ̀gá Gbankọgbì wí, jẹ́jẹ́, "ìwọ̀n ta ni… kù?"

"Ti fídíò ni, sà."

"Ta ló wà nínú fídíò?"

Ẹnu-Oyin ti mú orí rẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì. "Yéè! Ọmọ yìí fẹ́ fún Ọ̀gá pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fọ̀!"

"Mo gbọ́ pé fídíò tí ọ́fíìsì ìlú kejì ṣe tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi wọ inú ẹ̀rọ kan ṣoṣo," ni Ọ̀gá wí. "Tiwa yóò tóbi jù ú lọ. Ẹni tó bá tún dárúkọ ìdínkù nínú ọ́fíìsì yìí, òun ni a óò kọ́kọ́ dín kù."

Ayàwòrán panu mọ́. Ó ń gbé pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀, òun nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ẹ má bú u kíákíá. Ẹni tó ń jẹ ìyà kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ bi léèrè ìdí tí ìyà fi wà.

*

Wọ́n gbé fídíò náà sórí kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn ìlú láti dán an wò. Àgbà kọ̀ǹpútà ni. Iṣẹ́ tó le jù tí wọ́n tíì gbé fún un rí ni ìkéde pé kí àwọn èèyàn pa fóònù wọn. Ọ̀gá Gbankọgbì wò ó, ó ní àwọn wáyà rẹ̀ rí wúruwùru níwájú òun, kí wọ́n fi aṣọ àrán bò ó títí dé ìdí. Ayàwòrán ní ẹ̀rọ náà nílò atẹ́gùn. Ọ̀gá dáhùn pé òun pàápàá wọ kóòtù nínú ooru, òun kò sì kú.

Fídíò bẹ̀rẹ̀. Ó lọ díẹ̀, ó dúró. Ó lọ, ó dúró.

"Ó há," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wo ara wọn bí ẹni pé ògiri ló sọ̀rọ̀.

Ẹnu-Oyin ló gba ọ̀rọ̀ náà là. Ó fò dìde. "Sà, kò há! Ó dé ibi tí ọlá pọ̀ sí ni, ó sì dúró júbà! Ẹ̀rọ pàápàá mọ àgbà!"

Inú Ọ̀gá dùn débi pé ó sọ ọ́ di òfin lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé fídíò náà há. Ó ń júbà ni. Nígbàkígbà tó bá ti dúró, gbogbo òṣìṣẹ́ yóò pàtẹ́wọ́, Ẹnu-Oyin yóò sì dìde láti túmọ̀ ohun tó wà lójú aṣọ funfun tí fídíò ń hàn lára rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìyìn, títí tí yóò fi tún gbéra. Wọ́n fi odindi ọ̀sẹ̀ kọ́ àtẹ́wọ́ náà. Àwọn òrùlé Ẹ̀yìn Ògiri ṣì ń jò ní gbogbo ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ dán mọ́rán.

*

Ọjọ́ ìpàdé pé. Ará Ẹ̀yìn Ògiri kún gbọ̀ngàn dé ẹnu ọ̀nà. Alága Ìgbìmọ̀ Ìlú jókòó níwájú, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín bí kò bá sí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, tí ìyẹn fúnra rẹ̀ sì ń ba àwọn aláṣẹ lẹ́rù.

"Alága tó mọ ìgbà!" ni Ọ̀gá Gbankọgbì bẹ̀rẹ̀. "Ìgbìmọ̀ tó mọ̀wé! Ẹ̀yin ará Ẹ̀yìn Ògiri tí ẹ mọ ìyà! Kí oòrùn tó là, mo ti wà. Kí mo tó wà, kí ni ìlú yìí ní? Ó ní títì. Ó ní ilé. Ṣùgbọ́n ṣé ó ní ìran?"

"Kò ní!" ni Ẹnu-Oyin wí.

"Ẹ jẹ́ ká wo fídíò," ni Alága wí.

Wọ́n pa iná. Ojú ọ̀run búlúù yọ lára aṣọ funfun, orin dídùn ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Títì gbòòrò kan tẹ́ lọ, ó ń yọ̀ lọ geere, kò sí kòtò, kò sí ẹrẹ̀.

"Títì yìí mà dán o," ni Bàbá Oníbàtà wí. "Mo lè jẹun lórí ẹ̀."

"Níbo lo ò ní jẹun sí?" ni Ìyá Aránṣọ dá a lóhùn. "Dákẹ́ ká wòran."

Ẹyẹ kan fò kọjá, ó sì dúró sójú sánmà pẹ̀lú ìyẹ́ nínà. Ni àwọn òṣìṣẹ́ bá pàtẹ́wọ́, wàà! Àwọn ará Ẹ̀yìn Ògiri wo ara wọn. Ẹnu-Oyin ti dìde: "Ẹ wo ẹyẹ! Ẹyẹ tó rí ìran Ọ̀gá wa tó gbàgbé ilé!" Ẹyẹ gbéra, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, obìnrin kan tó ń rìn lójú ọ̀nà gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀. Àtẹ́wọ́ tún dún. "Ẹ wo arìnrìn-àjò! Ó dúró ronú lórí oore tí wọ́n ṣe fún un!"

"Ẹsẹ̀ á ti ro ó," ni Bàbá Oníbàtà wí.

Ọ̀nà fídíò náà wá yà. Ògiri gíga kan yọ, pupa, pẹ̀lú símínì, òpó gíga tí èéfín ilé-iṣẹ́ àtijọ́ ń gbà jáde, lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá Gbankọgbì na ọrùn. Ibi tó yẹ kó kọjá fìrì nìyí. Lábẹ́ aṣọ àrán, àgbà kọ̀ǹpútà ti gbóná bíi áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń lọ aṣọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ewé já lé e lórí lẹ́ẹ̀kan, ewé tí kò sí méjì tó ń mì bákan náà. Omi já lé e, ẹ̀kán ẹ̀kán. Irunmú já lé e.

Ó dúró.

Orin ń lọ, ṣùgbọ́n àwòrán kò mira. Ilé ńlá kan kún gbogbo aṣọ náà láti ìkángun dé ìkángun. Ẹ̀kán omi so rọ̀ sójú afẹ́fẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀. Lórí bákónì, Ọ̀gá Gbankọgbì dúró, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó la ẹnu díẹ̀.

Ọ̀gá Gbankọgbì ti orí àga yíjú sí Ẹnu-Oyin, ó ń ṣẹ́jú sí i bí ẹni tí iyanrìn kó sí lójú. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ti pàtẹ́wọ́, ẹnì kan kì í sì í fi odindi ọ̀sẹ̀ kọ́ nǹkan kó gbàgbé rẹ̀ lójú ọjọ́. Ẹnu-Oyin dìde.

"Ẹ wò ó! Ẹ wo ilé Ọ̀gá wa! Ààfin ni, ilé kọ́! Ẹ wo bákónì tí yóò ti máa gbatẹ́gùn nírọ̀lẹ́! Ẹ wo omi tó ń ta níbi tí àwọn ilé jákujàku wà tẹ́lẹ̀! Ẹ wo géètì tó dúró níbi tí ẹ̀rọ omi Ẹ̀yìn Ògiri…"

Ọ̀rọ̀ náà tán lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n ń tì pa. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ògiri wa nìyẹn," ni Bàbá Oníbàtà wí. Kò ṣàwàdà mọ́. "Ẹ wo símínì lẹ́yìn rẹ̀. Ògiri wa nìyẹn."

"Kì í ṣe ilé mi!" ni Ọ̀gá Gbankọgbì pariwo. "Ilé àlejò ìlú ni!"

"Ṣé àlejò ló ń juwọ́ yẹn?" ni ẹnì kan béèrè lẹ́yìn.

"Ẹni tó jọ mí ni!"

"Pẹ̀lú irunmú yẹn?" Gbogbo gbọ̀ngàn wo ara aṣọ, wọ́n wo Ọ̀gá, wọ́n tún wo ara aṣọ. Èèyàn lè kà wọ́n lóòótọ́. Ẹ̀rín bú. Alága Ìgbìmọ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá Aránṣọ ti dìde. Ó gba àárín àwọn àga kọjá, ó ń sọ pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́" fún orúnkún àwọn èèyàn, títí ó fi dé iwájú aṣọ funfun náà. Òjìji rẹ̀ bọ́ sórí ilé ńlá náà. Ó gbé ìka sókè, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi ògiri pupa, ó sì ń fi ìka náà rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wọn aṣọ.

"Ẹ̀rọ omi nìyí. Ilé Ìyá Ìbejì nìyí. Ilé Oníbàtà nìyí." Ìka rẹ̀ dúró láàárín omi tó ń ta sókè. "Tèmi nìyí."

Orin náà ṣì ń lọ.

"Ọ̀gá," ó ní, "ṣé inú omi ni mo máa ti máa ránṣọ ni? Níbo ni ilẹ̀kùn mi wà?"

Ọ̀gá Gbankọgbì kọjú sí fídíò. Ó na ìka sí i gẹ́gẹ́ bó ṣe ń nà án sí àwọn òṣìṣẹ́. "Mo pàṣẹ fún ọ ní orúkọ ọ́fíìsì mi! Máa lọ!"

Fídíò kì í bẹ̀rù ìwé ìdádúró. Kò lọ.

"Pa á!" ó kígbe sí Ayàwòrán. "Yọ wáyà rẹ̀!"

Ayàwòrán ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí wáyà wà. Ọwọ́ rẹ̀ ti kàn án. Bó bá fà á, òkùnkùn á ṣú, wọ́n á ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́, wọ́n á sì dá ọjọ́ mìíràn. Iṣẹ́ rẹ̀ á wà. Ó wo Ìyá Aránṣọ tó ṣì fi ìka lé ibi tí ilé rẹ̀ wà, bí ẹni pé bí òun bá gbé e kúrò, òun kò ní rí ibẹ̀ mọ́.

Ó yọ ọwọ́ kúrò lára wáyà, ó dìde dúró.

"Ìwọ lo ya èyí?" ni Alága béèrè.

"Èmi ni, mà."

"Kí ló wà lẹ́yìn àwọn igi yẹn?"

"Ilé àwọn èèyàn ni!" ni Ọ̀gá Gbankọgbì dáhùn fún un. "Ilé tó rẹwà! Igi ló bò ó!"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mà," ni Ayàwòrán wí. "Mo béèrè. Wọ́n ní kí n má ya nǹkan kan síbẹ̀."

Alága tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì. "Ó dára. Òfin ní kí a béèrè, mo sì máa béèrè. Ẹ̀yin ará Ẹ̀yìn Ògiri tí ẹ gbà kí wọ́n wó òpópónà yín, ẹ nawọ́ sókè."

Àwọn kan ká ọwọ́ mọ́ àyà, àwọn kan fi ọwọ́ sí abẹ́ itan. Bàbá Oníbàtà jókòó lé tirẹ̀ lórí. Nínú gbogbo gbọ̀ngàn náà, ọwọ́ kan ṣoṣo ló wà lókè: ọwọ́ Gbankọgbì tó wà lórí bákónì.

*

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti ìlú yìí kò tilẹ̀ ní láti sáré, torí irọ́ ló dúró dè é.

Wọ́n pe Ọ̀gá Gbankọgbì síwájú ìgbìmọ̀. Ó sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ó ní ẹ̀bi fídíò ni. Ó ní fídíò tó lọ́gbọ́n á mọ ibi tí kò yẹ kí òun dúró sí. Ó ní kí wọ́n fìyà jẹ kọ̀ǹpútà. Nígbà tó sọ ọ́ débi pé bí òun kò bá sí nípò, ìlú á dá dúró, Alága béèrè bóyá ó fẹ́ kí wọ́n dán an wò. Wọ́n dán an wò. Wọ́n yọ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìlú sì ń lọ. Àwọn onímọ́tò kò tilẹ̀ tẹ fèrè.

Kò sí ẹni tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ kíákíá tó Ẹnu-Oyin. Lọ́jọ́ náà gan-an ló ń sọ kiri ọ́fíìsì pé, "Ṣé ẹ rí bí mo ṣe fi ọgbọ́n tú u fó? Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń wá ọ̀nà!" Ó bá Ayàwòrán lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, "Àbúrò mi, àwa méjèèjì la jọ ṣe é." Ayàwòrán wò ó títí. "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Tiyín ló tilẹ̀ pọ̀ jù." Alága náà gbọ́ pé Ẹnu-Oyin ló túmọ̀ ilé náà fún gbogbo ayé, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó ní kí ó máa lọ sílé.

Ẹ má rò pé ayé wá gún tán. Òrùlé kì í gbọ́ pé wọ́n yọ ọ̀gá kó wá dákẹ́ jíjò. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn: bí aláṣẹ bá ṣubú, àwa a máa rẹ́rìn-ín, a óò lọ sílé, ẹni tí òjò ń pa á ṣì máa wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn Ògiri ṣì nílò kí wọ́n tún un ṣe. Ọ́fíìsì sì rán ọ̀gá tuntun wá, ọkùnrin kan tó ń fẹsẹ̀ rìn, tó ń kí àgbà, tó sì mọ̀ pé kí òun má gbé àpótí dání.

Òun náà mú fídíò wá.

Inú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ ni wọ́n ti wò ó, lọ́sàn-án gangan. Wọ́n ti fèrèsé pa, wọ́n gbé tẹlifíṣàn lé orí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, àwọn èèyàn sì jókòó lórí ohun tó bá rí wọn gbà. Ayàwòrán ló ṣe fídíò náà, ó sì ti dín ìwọ̀n rẹ̀ kù bó ṣe yẹ. Kò kọsẹ̀ níbì kan. Ilẹ̀kùn ń kọjá, òrùlé tuntun ń kọjá, fèrèsé ń kọjá, geere, geere.

Ìyá Aránṣọ na rìmóòtù sí i. Ó dúró.

Ọ̀gá tuntun rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, ẹ jẹ́ kó lọ tán ná. Ṣé ẹ rí i pé kò há rárá?"

"Mo rí i, ọmọ mi. Ìdí tí mo fi dá a dúró nìyẹn." Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sún mọ́ ọn. "Jókòó. Ilé tí etí òrùlé rẹ̀ yọ lápá òsì yẹn, ta ló ń gbé ibẹ̀?"

Ọ̀gá tuntun wo Ayàwòrán. Ayàwòrán gbé àga tirẹ̀ sún mọ́ tẹlifíṣàn.

"Ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀," ni Bàbá Oníbàtà wí, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀, nítorí ó rí i pé yóò pẹ́.